Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀rọ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka, lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí yóò máa jẹ́ iṣẹ́ fún wa

Bí a ti jìnnà sílé tó yìí, tí a sì tún lè péjọ kí a fi èdè Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ ara wa, ohun ọpẹ́ ni.

Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, ẹ ní kí àwa tí ẹ yàn sórí ọ̀ràn ẹ̀rọ wá sọ ìdí rẹ̀ tí a fi ní kí ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé ọ̀kan tí ó lágbára ti tó. Àwọn ìyá wa béèrè pé ṣé a fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ṣe fàájì ni. Ìbéèrè náà kò bí wa nínú. Owó tí ẹni tí ń ta ata nínú oòrùn dá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ná an láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ ohun tí a fi rà. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. A ó sọ ọ́ kí ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí lè gbọ́ ọ, kí àwọn ọ̀dọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà sì lè rí ohun tí wọn yóò dì mú.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń rán

Gbogbo yín mọ ohun tí à ń fi ẹ̀rọ ṣe nínú ẹgbẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá san owó oṣù láti orí fóònù rẹ̀, iṣẹ́ kan wọlé sínú kọ̀ǹpútà wa pé lágbájá ti san. Bí àìsàn bá dá ẹnìkan dúbúlẹ̀, tí a fẹ́ kí àwọn tí ó wà ní ẹ̀ka kejì gbọ́, iṣẹ́ ni a rán. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, tí a ní láti sọ fún ẹbí nílé, fún onímọ́tò, àti fún akápò tí yóò yọ owó ìrànlọ́wọ́, iṣẹ́ mẹ́ta ni a rán lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tí a lè fi ṣeré nínú wọn.

Ní oṣù October ọdún 2024, iná mànàmáná lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ kò ì gbàgbé bí ẹja ṣe jẹrà mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́, tí àwọn aránṣọ jókòó láìrí iṣẹ́ ṣe, tí à ń fi fóònù wa tọrọ iná kiri. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ ní kú pẹ̀lú iná yẹn. Ìròyìn ọ̀fọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò tíì jáde. Ìgbà tí àwọn ọmọ olóògbé tí ó wà nílé fi gbọ́, a ti sin bàbá wọn. Ẹkún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú yín, kì í ṣe ìfẹ́ àṣehàn.

Ẹ tún rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n lóde, tí gbogbo ènìyàn sáré sí orí fóònù láti fi owó ránṣẹ́. Owó a kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó rà, kò sì ní dé ọwọ́ ẹni tí ó tà. Oníṣọ́ọ̀bù a di ọjà rẹ̀ mú, oníbàárà a máa búra. Nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀, ẹni méjèèjì lè máa sọ òtítọ́. Iṣẹ́ tí a rán ni ó há sójú ọ̀nà.

Kí ni alágàtà iṣẹ́?

Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí, alágàtà ni. Àwọn onílẹ̀ tí a jọ ń gbé níhìn-ín a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní dillali, ẹni tí ó dúró láàárín ẹni tí ń ta màlúù àti ẹni tí ń rà á. Ṣùgbọ́n alágàtà tiwa kò ta, kò sì rà. Iṣẹ́ ni ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an, tí ó ń tò ó sórí ìlà, tí ó sì ń fà á lé ẹni tí yóò ṣe é lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé gáréèjì ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan fẹ́ fi àpò alùbọ́sà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kò di dandan kí ó mọ dírẹ́bà, kò sì di dandan kí ẹni tí yóò gba ẹrù jókòó sí Bódìjà láti òwúrọ̀. Akọ̀wé gba ẹrù, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fún ìyá ní ìwé ẹ̀rí, ó sì tò ó sẹ́yìn ẹrù tí ó ti wà níbẹ̀. Bí mọ́tò bá dé, ẹrù a lọ. Bí mọ́tò bá pẹ́, ẹrù ń dúró, kò sọnù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni alágàtà iṣẹ́ ń ṣe. Bí ẹ̀rọ akápò bá sùn lóru, ẹ̀rọ tí ń gba owó kò ní dúró dè é. Ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ lé alágàtà lọ́wọ́, ó sì ti padà sídìí ọjà.

Àwọn baba wa wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò ní làákàyè tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá kọ́ ọ ni yóò ṣe. Nítorí náà, àwa ni a ní láti tò ó dáradára kí iṣẹ́ má baà kú sí i lọ́wọ́.

Èyí tí a yàn ni RabbitMQ, kò sì sí owó tí a ó san kí a tó lò ó. Ní ìlú London ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 2007. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ tí ó gbé e ró, AMQP, ti wà ṣáájú rẹ̀. John O'Hara ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2003 nílé ìfowópamọ́ JPMorgan Chase, kí ẹ̀rọ tí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ṣe lè máa gbọ́ ara wọn. Èdè tí a fi kọ RabbitMQ ni Erlang, tí Joe Armstrong, Robert Virding àti Mike Williams ṣe nílé iṣẹ́ Ericsson ní Sweden ní nǹkan bí ọdún 1986, nítorí ẹ̀rọ tẹlifóònù tí kò gbọdọ̀ kú lọ́sàn-án tàbí lóru. Orúkọ rẹ̀ mú wa rántí Agner Krarup Erlang ará Denmark, ẹni tí ó kọ̀wé ní ọdún 1909 lórí bí ìpè tẹlifóònù ṣe ń wọlé. Ẹ rí i pé ìlà títò kì í ṣe ọ̀ràn àná.

Èéṣe tí ọ̀kan kò fi tó, tí méjì kò sì ṣeé fọkàn tẹ̀?

Ẹni tí ó ní kí a ra ọ̀kan tí ó lágbára, ó ní èrò rere. Ṣùgbọ́n àìlágbára nìkan kọ́ ni ó ń pa kọ̀ǹpútà. Iná ń pa á, ooru oṣù April ń pa á, eruku ọyẹ́ ń wọ inú rẹ̀, ọmọdé sì lè fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà rẹ̀. Bí ó tóbi bí erin, ọjọ́ tí ó bá kú, gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ dúró.

Ẹlòmíràn wá ní, ó dára, ẹ ra méjì. Níbí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a pe kọ̀ǹpútà méjì náà ní Àkọ́kọ́ àti Èkejì. Wáyà tí ó so wọ́n pọ̀ já. Àkọ́kọ́ kò gbúròó Èkejì, ó rò pé ó ti kú. Èkejì náà kò gbúròó Àkọ́kọ́, ó rò bákan náà. Bí a bá gba ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè láti máa dá ṣe, àwọn méjèèjì yóò fi ara wọn jẹ olórí. Akápò yóò kọ owó tí ó wọlé sínú Àkọ́kọ́, alámòójútó ìrànlọ́wọ́ yóò yọ owó nínú Èkejì, nígbà tí wáyà bá sì padà, ìwé méjì tí kò bára mu ni a ó ní. Ọba méjì kì í jẹ láàfin kan.

Bí a bá sì ṣòfin pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí iṣẹ́ tó lè lọ, ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, èkejì kò ní lè ṣe ohunkóhun. A ra méjì, kí ọ̀kan ṣoṣo kú, kí gbogbo rẹ̀ dúró. Èrè wo ni ó wà níbẹ̀?

Ẹgbẹ́ wa gan-an mọ oògùn rẹ̀. Òfin wa wí pé bí iye ènìyàn kò bá pé, ìpàdé kò lè dá ọ̀ràn. Nínú mẹ́ta, méjì ni ó pọ̀ jù. Bí ọ̀kan bá kú, méjì tí ó kù ṣì lè jókòó kí wọ́n sì dá ọ̀ràn. Bí wáyà bá já, tí ọ̀kan wà lápá kan, tí méjì wà lápá kejì, ẹni kan ṣoṣo yẹn mọ̀ pé òun kò pé, a sì dákẹ́. Kò lè sí olórí méjì tí iṣẹ́ wọn yóò dúró. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Bí ẹnìkan bá ní kí a ra mẹ́rin kí ó lè túbọ̀ dúró, ẹ wo ìṣirò yìí. Nínú mẹ́rin, mẹ́ta ni ó pọ̀ jù, nítorí náà ọ̀kan ṣoṣo ni ó lè kú, gẹ́gẹ́ bí ti mẹ́ta. A ti ná owó ọ̀kan lásán. Nínú márùn-ún, mẹ́ta ni ó pọ̀ jù, méjì sì lè kú. Márùn-ún dára fún ilé iṣẹ́ ńlá. Mẹ́ta tó ẹgbẹ́ wa.

Bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ṣọ̀kan

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi ohùn ṣọ̀kan ni a ń pè ní Raft. Diego Ongaro àti John Ousterhout ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 2014, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó lè yé ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ rí kò ní ṣòro fún láti mọ̀ ọ́n.

Nínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta náà, ọ̀kan ni olórí ìlà, méjì ni ọmọ ẹ̀yìn. Olórí ni ó ń gba iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá dé, yóò kọ ọ́ sínú ìwé mínítì rẹ̀, yóò sì ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn kọ ọ́ sínú tiwọn. Ìgbà tí ó bá di pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò tó dá ẹni tí ó rán an lóhùn pé, mo ti gbà á. Bí olórí bá kú ní ìṣẹ́jú kejì, iṣẹ́ náà ti wà nínú ìwé ẹlòmíràn.

Bí ohùn olórí bá dákẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀yìn yóò dúró díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò sì jáde láti díje. Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ìdìbò sì wáyé. Òfin méjì ni ó ń ṣọ́ ìdìbò náà. Èkínní, ẹnìkan kò lè dìbò lẹ́ẹ̀mejì ní sáà kan. Èkejì, a kì í dìbò fún ẹni tí ìwé mínítì rẹ̀ kéré sí tẹni tí ń dìbò. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ ohun tí a ti pinnu kò lè di olórí. Bí olórí àtijọ́ bá padà dé, yóò bá sáà tuntun nílẹ̀, yóò sì di ọmọ ẹ̀yìn láìjà. Ìbá ṣe pé gbogbo olóyè ẹgbẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀!

Irú ìlà tí ń tẹ̀lé òfin yìí ni RabbitMQ pè ní quorum queue. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 3.8 ní ọdún 2019. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra níbí. Irú ìlà kan ti wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mirrored queue, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí ẹ ó sì rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń ṣe é. A ti yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú ẹ̀dà 4.0 ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé ìwé àtijọ́ yẹn, ọ̀nà tí ó ti dí ni ó ń tọ̀.

Bí a ó ti tò ó

Ohun tí ó kù yìí, àwọn ọ̀dọ́ ni ó kàn jù, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin àgbà náà gbọ́ ọ kí ẹ lè bi wọ́n léèrè.

Èkínní, kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà RabbitMQ kan náà àti ẹ̀dà Erlang kan náà. A ó sọ wọ́n lórúkọ tí kò ní yí padà: aaro1, aaro2, aaro3. A ó kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo wọn sínú fáìlì /etc/hosts lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ orúkọ ará ilé rẹ̀ kò lè pè é.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àṣírí kan wà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọ mọ̀. Inú fáìlì tí à ń pè ní .erlang.cookie ni ó wà, ní /var/lib/rabbitmq. Bí ti ọ̀kan bá fi lẹ́tà kan yàtọ̀, àwọn yòókù kò ní gbà á wọlé. Àwọn ni ó ni ín, àwọn nìkan ni kí ó sì lè kà á.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà 5672 ni ilẹ̀kùn tí àwọn ẹ̀rọ tí ń rán iṣẹ́ ń gbà wọlé. Nọ́ńbà 4369 àti 25672 ni àwọn mẹ́ta fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà 15672 ni fèrèsé tí alámòójútó fi ń wo inú ilé. A kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn àárín ilé sí ìta gbangba. A ó sì pa orúkọ guest tí ó bá ẹ̀rọ wá rẹ́, kí a fún olúkúlùkù tí yóò ṣiṣẹ́ ní orúkọ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìdàpọ̀. A ó fi aaro1 sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́. Lórí aaro2, a ó tẹ rabbitmqctl stop_app, lẹ́yìn náà rabbitmqctl reset, lẹ́yìn náà rabbitmqctl join_cluster rabbit@aaro1, àti níkẹyìn rabbitmqctl start_app. Bákan náà ni a ó ṣe lórí aaro3. Ọ̀rọ̀ reset yẹn ń nu gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà nù, nítorí náà a kì í lò ó lórí èyí tí iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Bí a bá parí, rabbitmqctl cluster_status yóò fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn. Bí ó bá fi méjì hàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sùn.

Ẹ̀karùn-ún, ìdàpọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan kò tó. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni a ní láti sọ irú tí ó jẹ́ lọ́jọ́ tí a bá dá a sílẹ̀, pé x-queue-type rẹ̀ ni quorum. A kò lè yí i padà lẹ́yìn náà. Bí a kò bá sọ ọ́, tí a sì jẹ́ kí ó jẹ́ ìlà lásán, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ inú rẹ̀ yóò wà, bí a tilẹ̀ ra ogún kọ̀ǹpútà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n ní ààrò mẹ́ta, wọ́n sì gbé ìkòkò ka ọ̀kan.

Ẹ̀kẹfà, nínú fáìlì rabbitmq.conf, a ó kọ cluster_partition_handling = pause_minority, kí èyí tí ó bá dá wà nígbà tí wáyà já lè dákẹ́. Ẹ̀dà 4.0 sókè ti ní ìwé àkọsílẹ̀ tí à ń pè ní Khepri, tí òun náà ń tẹ̀lé òfin Raft. Bí a bá lò ó, ìdákẹ́ yẹn ti wà nínú ìṣe rẹ̀.

Ẹ̀keje, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀rọ tí ń rán iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó lè gbìyànjú èkejì bí èkínní kò bá dáhùn. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn a máa fi HAProxy síwájú kí ó máa pín àwọn tí ń wọlé. Ó dára, ṣùgbọ́n bí HAProxy bá jẹ́ ọ̀kan, a tún ti padà sí ìdí ọ̀kan ṣoṣo. A gbọ́dọ̀ ra méjì kí a sì fi keepalived so wọ́n pọ̀. Kí owó ẹgbẹ́ má baà pọ̀ jù, a ní kí a kọ àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ẹ̀rọ tí ń rán iṣẹ́.

Ibo ni kí a gbé wọn sí?

Bàbá wa kan dá a lábàá pé kí ẹ̀ka mẹ́ta, ní ìlú mẹ́ta, gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìfẹ́ ará ni ó wà nínú ìmọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe RabbitMQ fúnra wọn kìlọ̀ pé kí àwọn tí ó wà nínú ọ̀wọ́ kan má jìnnà síra wọn, nítorí pé fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti fohùn ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù March ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan tí ó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan, gbogbo wa sì rí bí nǹkan ṣe rí ní Nàìjíríà. Ọ̀wọ́ tí ó bá gbára lé ọ̀nà jíjìn yóò máa dìbò lójoojúmọ́ bí ìlú tí kò ní ọba.

Inú ọ́fíìsì ẹ̀ka wa ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ṣùgbọ́n kí iná tí wọ́n ń lò má ṣe jẹ́ ọ̀kan. Kí ọ̀kan wà lórí iná ìjọba pẹ̀lú bátìrì, kí ọ̀kan wà lórí iná oòrùn, kí ẹ̀kẹta wà lórí ẹ̀rọ amúnáwá. Kí wọ́n má ṣe jọ wà lórí sókẹ́ẹ̀tì kan. Bí kọ̀ǹpútà mẹ́ta bá ń mu iná nínú wáyà kan, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, owó mẹ́ta ni a kàn san. Láti bá ẹ̀ka ìlú mìíràn sọ̀rọ̀, ohun èlò tí à ń pè ní Shovel wà. Yóò máa gba iṣẹ́ nínú ọ̀wọ́ tiwa, yóò sì máa gbé e lọ sínú tiwọn. Bí ọ̀nà bá dí, yóò dúró. Bí ọ̀nà bá là, yóò máa lọ.

Gbígbà àti jíjẹ́

Ìlérí kò tó, ẹ̀rí ni a ń fẹ́. Ẹni tí ó rán iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ pé owó rẹ ti wọlé títí ọ̀wọ́ yóò fi dá a lóhùn pé a ti kọ ọ́ sílẹ̀. Publisher confirm ni èyí. Bákan náà, ẹni tí ó gba iṣẹ́ láti ṣe kò gbọdọ̀ sọ pé mo ti ṣe é kí ó tó ṣe é tán. Bí ó bá kú láàárín, alágàtà yóò fa iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bí akápò bá ti yọ owó ọ̀fọ̀ tán, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì kú kí ó tó dáhùn, alágàtà yóò tún rán iṣẹ́ náà, a ó sì yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ, bí ó ṣe yẹ kí ó ṣe nìyẹn: ó sàn fún un kí ó rán iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ju kí ó gbàgbé rẹ̀ lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ akápò máa wò ó bóyá ó ti ṣe nọ́ńbà yẹn rí. Bí iṣẹ́ kan bá ní àbùkù tí kò ṣeé ṣe, ẹ̀dà 4.0 yóò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ó bá ti dá a padà ní ìgbà 20. Kí ó má baà sọnù, a ó ya ìlà kan sọ́tọ̀ tí irú rẹ̀ yóò máa lọ, kí ènìyàn máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Àyè inú kọ̀ǹpútà náà ń fẹ́ àbójútó. Bí àyè ìkọ̀wé bá fẹ́ tán lórí ọ̀kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò dẹ́kun láti gba iṣẹ́ tuntun. Ìwọ̀n tí ó bá ẹ̀rọ wá, 50 MB, kéré púpọ̀. A ó gbé e sókè, kí ariwo ìkìlọ̀ lè dé ká tó bọ́ sínú kòtò.

Ohun tí ààrò mẹ́ta kò lè ṣe

A kò ní tan yín. Bí méjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀kẹta yóò dákẹ́, yóò sì dúró títí ọ̀kan yóò fi padà. Bí ilé bá jó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jó. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ṣì, tí ó pa ìlà kan rẹ́, yóò parẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé wọ́n ń gbọ́ràn síra wọn lẹ́nu. Nítorí náà, ìwé owó ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà kan ní ìlú mìíràn, kí akọ̀wé sì máa kọ tirẹ̀ sínú ìwé ńlá bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kò gba kálámù lọ́wọ́ wa.

Ohun tí a kò bá sì dán wò, a kò ní in. A ń bẹ̀ yín pé kí a tò ó, kí a dá ìpàdé kan sí ọ̀sán, kí bàbá tàbí ìyá tí ó bá wù yín wá fa wáyà ọ̀kan nínú mẹ́ta yọ lójú gbogbo wa, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí a ka iye iṣẹ́ tí a rán, kí a ka iye tí ó dé. Bí ó bá dín ẹyọ kan, ẹ má sanwó iṣẹ́ fún wa.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí: kí ẹgbẹ́ fi ọwọ́ sí i pé kí a ra mẹ́ta tí ó mọ níwọ̀n dípò ọ̀kan tí ó tóbi, kí a yan ọ̀dọ́ mẹ́fà, méjì fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa gba iṣẹ́ ìṣọ́ láàárín ara wọn, kí ìmọ̀ náà má baà wà lórí ẹnìkan ṣoṣo. Nítorí pé bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ mẹ́ta, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì jẹ́ ọ̀kan, a kò tíì kúrò níbi tí a wà.

Àwa tí a ń gbé lẹ́yìn odi, iṣẹ́ tí a rán ni ọwọ́ tí a fi di ilé mú. Ọmọ tí a bí níhìn-ín, owó tí a rí níhìn-ín, òkú tí a sin níhìn-ín, kí ilé gbọ́ ọ lásìkò tí ó yẹ, nítorí èyí ni ẹgbẹ́ ṣe wà. Ẹ bi wá ní ohun tí kò bá yé yín, a wà nílé.